Àlá Tí A Lá àti Ohun Tí À Ń Lépa: Awuyewuye Àwọn Òǹkàwé Lórí Ìtàn Darandaran Tó Wá Ìṣúra Lọ

  Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: gbogbo ayé ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ijó tí olúkúlùkù jó sí i kò dọ́gba.

Ìwé kékeré kan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè Potogí ni O Alquimista. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè tiwa, a lè pè é ní Asòjé-di-wúrà. Paulo Coelho, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, ló kọ ọ́, ọdún 1988 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti pín sí ọ̀nà méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ìwé náà ló gbé àwọn dìde nígbà tí ayé fẹ́ sú àwọn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní egungun ni, àti pé ẹni tó bá gbé gbogbo ara lé e yóò kábàámọ̀. Àríyànjiyàn náà kì í ṣe lórí adùn èdè nìkan. Ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni ohun tó tọ́ kí àgbà sọ fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ilé sílẹ̀.

Iṣẹ́ òpìtàn kọ́ ni láti dájọ́ pé ìwé kan dùn tàbí kò dùn. Iṣẹ́ tiwa ni láti béèrè ibi tí àríyànjiyàn ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn tí Coelho sọ ti wà láyé fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó kan án; pé ó yí ohun pàtàkì kan padà nínú rẹ̀; àti pé ohun tí ó yí padà náà fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn èdè Yúróòpù fi ń gbé ẹrù méjì, ṣùgbọ́n tí èdè Yorùbá ti pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ilẹ̀ wá.

1. Ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́

Ọdún 1947 ni a bí Paulo Coelho ní ìlú Rio de Janeiro. Láti kékeré ló ti ń wí pé òǹkọ̀wé ni òun yóò jẹ́, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ní àwọn ọdún 1970, ó ń bá olórin Raul Seixas kọ ọ̀rọ̀ orin. Ní ọdún 1974, ìjọba ológun tó wà lórí àlééfà ní Bràsíìlì nígbà náà fi ọlọ́pàá mú un. Ní ọdún 1986, ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tó lọ sí Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì kọ ìwé kan lórí ìrìn náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni O Alquimista dé.

Ẹ̀dà 900 ni ilé-iṣẹ́ kékeré tó kọ́kọ́ tẹ ìwé náà tẹ̀. Ọjà kò yá, wọ́n sì dá ẹ̀tọ́ ìwé náà padà fún òǹkọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Rocco, gbà á, ibẹ̀ ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ní ọdún 1993, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Alan R. Clarke ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Ti Faransé tẹ̀ lé e ní 1994. Lónìí, a ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó ju 80 lọ. Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó lọ́lá jù lọ ní Bràsíìlì, Academia Brasileira de Letras, yan Coelho sí àárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ìlú rẹ̀ kò gbà pé lítíréṣọ̀ ni ohun tó ń kọ.

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì kà á, ìtàn inú rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Darandaran ọ̀dọ́ kan wà ní gúúsù Sípéènì, Santiago ni orúkọ rẹ̀. Ó sùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wó, níbi tí igi sikamórè ti hù, ó sì lá àlá lẹ́ẹ̀mejì pé ìṣúra ń dúró de òun lẹ́bàá àwọn pírámídì Íjíbítì. Ó gbé àlá náà tọ obìnrin aláwo kan lọ ní ìlú Tarifa. Lẹ́yìn náà ni ọba arúgbó kan yọ sí i, tó sì kọ́ ọ pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí ó wá ṣe láyé, èyí tí ìwé náà fún ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí Ìtàn Ẹni, àti pé bí ènìyàn bá fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn, ayé gbogbo ni yóò dìde ràn án lọ́wọ́. Santiago fi ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn àgùntàn rẹ̀ fún ọba náà, ó ta ìyókù, ó sì sọdá sí Tangier ní Mòrókò. Wọ́n jà á lólè níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan lọ́dọ̀ oníṣòwò gíláàsì kan, ó tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Fatima, ó sì bá asòjé-di-wúrà pàdé. Nígbà tí ó dé ìdí pírámídì tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn kan lù ú lálùbolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní òun náà ti lá àlá nígbà kan pé ìṣúra wà lábẹ́ igi sikamórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì àlàpà kan ní Sípéènì, ṣùgbọ́n òun kò gọ̀ tó ẹni tí yóò la aṣálẹ̀ kọjá nítorí àlá. Santiago rẹ́rìn-ín, ó padà sílé, ó sì hú ìṣúra náà.

2. Ìtàn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀

Àwọn onímọ̀ àlọ́ àti ìtàn àbáláyé ti mọ ìtàn yìí tipẹ́. Nínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń ka oríṣiríṣi àlọ́ ayé, nọ́ńbà 1645 ni wọ́n fún un, wọ́n sì ń pè é ní ìtàn ìṣúra tó wà nílé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wà lákọsílẹ̀ ni èyí tí adájọ́ kan tí ń jẹ́ al-Tanukhi, ẹni tó kú ní Baghdad ní ọdún 994, kọ sínú ìwé rẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí Ìtura Lẹ́yìn Ìpọ́njú. Ìtàn náà tún wà nínú Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan. Nínú ti Ẹgbẹ̀rún Òru, ọkùnrin Baghdad kan ti ná ogún rẹ̀ tán. Ó gbọ́ ohùn lójú àlá pé Íjíbítì ni oríire rẹ̀ wà. Ó lọ, ó sùn sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n kà á mọ́ àwọn olè, wọ́n sì nà án. Olórí ọlọ́pàá fi í rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti lá irú àlá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nípa ilé kan ní Baghdad, òun kò sì lọ. Ó fún un lówó díẹ̀ kí ó fi padà sílé. Ilé tí ọlọ́pàá ṣàpèjúwe ni ilé ọkùnrin náà gan-an. Ní ọ̀rúndún 13, Jalal al-Din Rumi sọ ìtàn yìí nínú apá kẹfà Masnavi, ó sì fi kọ́ni nípa àdúrà àti sùúrù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń sọ ọ́ nípa akiriọjà kan ní ìlú Swaffham, John Chapman, tí ó lá àlá pé kí òun lọ dúró sórí afárá Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn náà ní ìṣúra tí ó hú nílé rẹ̀ ni ó fi tún apá kan ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà kọ́, ère akiriọjà àti ajá rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára igi sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà di òní. Ní Kraków ní ilẹ̀ Pọ́lándì, àwọn Júù ń sọ ọ́ nípa Eisik ọmọ Yekel, ẹni tí àlá rán lọ sí ìdí afárá kan ní Prague. Olórí ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ fi í ṣẹ̀sín, ó ní bí òun bá ń gba àlá gbọ́ ni, òun ì bá ti lọ sí Kraków lọ hú ìdí ààrò Júù kan. Eisik sáré padà sílé. Ìtàn náà ní owó yẹn ló fi kọ́ sínágọ́gù. Rábì Simcha Bunim ti ìlú Przysucha, tó kú ní 1827, a máa sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀yìn tuntun: ohun tí ẹ̀ ń wá kò sí lọ́dọ̀ mi, ilé yín ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dé ọ̀dọ̀ mi kí ẹ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1935, Jorge Luis Borges, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, tún ìtàn náà sọ nínú ìwé rẹ̀ Historia universal de la infamia, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní ìtàn àwọn méjì tí wọ́n lá àlá. Àkọlé náà ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn. Àwọn méjì ni Borges wí. Kò sí ìgbà kan tí ìtàn yìí ní alálàá kan ṣoṣo.

3. Ohun tí Coelho yí padà

Bí a bá gbé ìtàn àtijọ́ àti ìwé 1988 kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ mẹ́ta ni a ó rí.

Èkíní, nínú ìtàn àtijọ́, àlá jẹ́ iṣẹ́ tí a rán sí ènìyàn. Ọkùnrin Baghdad kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ láti rí Íjíbítì. Ebi ló ń pa á, ohùn sì pàṣẹ fún un. Akiriọjà kò ní ìfẹ́ ọkàn kan sí afárá Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé Coelho, àlá àti ìfẹ́ ọkàn di ọ̀kan. Santiago ti fẹ́ rin ayé láti kékeré, ìdí tí ó fi kọ̀ láti di àlùfáà tí ó sì di darandaran nìyẹn. Ìfẹ́ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni a wá kà sí ẹ̀rí pé ayé fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ìtàn àtijọ́ kò ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun ìyanu kan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ògo fún Ọlọ́run. Kò wí pé gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé àlá rẹ̀ ni yóò rí owó. Coelho sọ ìyanu náà di òfin: ẹni tó bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ayé yóò ràn án lọ́wọ́. Nítorí pé ó ti di òfin, àwọn tí kò lọ di àríkọ́gbọ́n. Oníṣòwò búrẹ́dì kan wà ní Tarifa tí ó fẹ́ rìnrìn-àjò rí, tí kò lọ. A tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìbẹ̀rù dè mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nínú ìtàn Swaffham àti ti Kraków, ìṣúra náà padà di ti gbogbo ìlú. Ilé ìjọsìn ni wọ́n fi kọ́, àwọn ará ìlú sì ń wọ inú rẹ̀. Santiago rántí láti san ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó ṣèlérí fún obìnrin aláwo, èyí sì yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ìyókù jẹ́ ti òun àti olólùfẹ́ rẹ̀. Ìṣúra ti kúrò ní ti ìjọ, ó di ti ẹni.

Kò yẹ kí a rò pé Coelho kàn fi ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ṣe èyí. Ẹ wo ọdún tí ó kọ ọ́. Ìjọba ológun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964 kò kúrò nílẹ̀ ní Bràsíìlì títí di 1985. Ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1986 láti dá owó-ọjà dúró forí ṣánpọ́n. Ní ọdún 1988 kan náà, iye owó ọjà fi ohun tó ju ìdá 900 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ní ìlú tí owó oṣù ti ń di yẹpẹrẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ìjọba kò sì ṣeé gbára lé, ìwé tó ń sọ fún ènìyàn pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí òǹkàwé. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti fi í sí ilé alárùn ọpọlọ nítorí pé ó fẹ́ kọ̀wé sì ní ìdí tirẹ̀ láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

4. Ohùn àwọn òǹkàwé

Èrò àwọn òǹkàwé lórí ìwé yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè kó wọn sí abẹ́ ìsọ̀rí mẹ́rin.

Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn tí ìwé náà tù nínú. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ọnà èdè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ìgbà tí wọ́n kà á: nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, nígbà tí wọ́n wà lórí ibùsùn àìsàn, nígbà tí wọ́n ní láti yan ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wọn kò fẹ́. Kò yẹ kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwé tó bá fún ènìyàn ní ìgboyà láti dìde lórí ẹní ti ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ńlá kò ṣe.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn lámèyítọ́. Wọ́n ní gbólóhùn rẹ̀ rọrùn jù, pé àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ń sọ òwe dípò ọ̀rọ̀, pé ìmọ̀ ẹ̀sìn oríṣiríṣi ni ó dà pọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kankan jinlẹ̀. Ní Bràsíìlì, àwọn mìíràn tọ́ka sí àṣìṣe gírámà. Ẹ̀sùn wọ̀nyí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò kan ojú ọgbẹ́. Àlọ́ kì í ṣe ìtàn-àròsọ gígùn. Ẹ̀dá inú àlọ́ kò ní láti jinlẹ̀.

Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tó ń béèrè nípa àwọn ènìyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ará Mòrókò àti Íjíbítì kò ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìwé náà ju kí wọ́n ja ọmọ Yúróòpù kan lólè tàbí kí wọ́n kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àwọn obìnrin ní pàtàkì ń béèrè nípa Fatima, ẹni tí gbogbo Ìtàn Ẹni tirẹ̀ kò ju kí ó jókòó sínú aṣálẹ̀, kí ó máa retí ọkùnrin. Nígbà tí mo ń ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí Fatima náà bá lá àlá ńkọ́?” Kíláàsì dákẹ́. Kò sí ibi kankan nínú ìwé náà tí a ti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìsọ̀rí kẹrin ni àwọn tí wọ́n gba ẹjọ́ oníṣòwò gíláàsì rò. Mùsùlùmí ni oníṣòwò yìí, ó sì ti ń fẹ́ lọ sí Mẹ́kà láti ìgbà èwe rẹ̀. Owó ti dé ọwọ́ rẹ̀ báyìí, síbẹ̀ kò lọ, nítorí pé ìrètí Mẹ́kà ló ń mú un jí láràárọ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá dé ibẹ̀ tán, kò ní sí ohun tí òun yóò tún máa retí mọ́. Coelho fẹ́ kí àánú ọkùnrin yìí ṣe wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé tó ti dàgbà ń wí pé òun ni ẹ̀dá ènìyàn kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé náà. Òun ló gba àjèjì tí kò lówó lọ́wọ́ sílé, òun ló fún un ní oúnjẹ àti iṣẹ́. Bí gbogbo oníṣòwò Tangier bá ti wá ìṣúra lọ, ta ni ì bá gba Santiago sílé?

5. Ọ̀rọ̀ kan, ẹrù méjì

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ìdí ọ̀rọ̀. Ní èdè Potogí, ọ̀rọ̀ kan náà, sonho, ni wọ́n ń lò fún ohun tí a rí lójú oorun àti ohun tí a fẹ́ dà láyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ìlò kejì yìí lágbára sí i ní ọ̀rúndún 20: ní 1931 ni James Truslow Adams sọ “àlá Amẹ́ríkà” di gbajúmọ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Epic of America, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963 sì ni Martin Luther King sọ̀rọ̀ nípa àlá rẹ̀ ní Washington. Ẹ ṣàkíyèsí pé àlá King kì í ṣe ti ẹnì kan. Àlá ìran kan àti orílẹ̀-èdè kan ni.

Ní èdè Yorùbá, àlá ni ohun tí a rí lójú oorun. Ohun tí a fẹ́ dà ni ìlépa, èròǹgbà, ìfẹ́ ọkàn. Láyé òde òní, a ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù àti lórí rédíò pé “àlá rẹ yóò ṣẹ”, tí ẹni tó ń sọ ọ́ sì ní ìlépa lọ́kàn. Ìlò àyálò ni. Nínú àṣà tiwa, a kì í déédéé tẹ̀ lé àlá. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé, nítorí pé ajá kò lẹ́nu tí yóò fi rọ́ ọ. Ènìyàn ní láti rọ́ àlá tirẹ̀ fún àgbà, fún babaláwo, fún àlùfáà tàbí wòlíì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àlá rere wà, àlá burúkú wà, àlá tí kò ní ìtumọ̀ náà sì wà. Àwọn ìjọ Aládúrà tí wọ́n dìde láàárín wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 kò fi àṣà yìí sílẹ̀. Wọ́n a máa rọ́ àlá láàárín ìjọ, wọ́n a sì gbàdúrà sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Ìtàn Ẹni tí Coelho ń wí kò yàtọ̀ sí orí tiwa, àkúnlẹ̀yàn tí ẹ̀dá yàn lọ́run. Wọ́n jọra lóòótọ́, ìyàtọ̀ ńlá sì wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ lọ sí ilé Àjàlá láti yan orí: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì tí wọ́n kánjú yan orí tí kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù wọ́n lójú. Afùwàpẹ́ tí ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí wọ́n dífá fún, tí ó sì rúbọ, ni ó rí orí rere yàn. Ìtàn tiwa ka àwọn tí kò rí i ṣe mọ́ ọn. Ó gbà pé ènìyàn lè fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn kí ó má sì rí i. Kò sì wí pé ìfẹ́ wọn ni kò tó. Lẹ́yìn orí, ó tún béèrè ẹsẹ̀, èyíinì ni akitiyan, àti ìwà.

Níbí ni mo rò pé àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé ti ṣẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlépa nínú rẹ̀: má jẹ́ kí ìbẹ̀rù pa ohun tó wà nínú rẹ. Òtítọ́ ni. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ gbọ́ òfin tí a gbé ka orí ìyanu àlá: bí o kò bá rí i gbà, o kò fẹ́ ẹ tó. Èyí kì í ṣe òtítọ́, ó sì lè di ìkà.

6. Alálàá kejì, àti etíkun Tarifa

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi àkọlé Borges sọ́kàn. Alálàá méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kejì kò bá dúró sílé kí ó sì rọ́ àlá tirẹ̀, ẹni kìíní kò ní rí ìṣúra láéláé. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ tí wọ́n gbà sọ ọ́, kò sí èyí tí wọ́n ti padà wá pín nǹkan fún un. Nínú ìtàn Baghdad àti ti Kraków, ìjòyè ni: olórí ọlọ́pàá, olórí ẹ̀ṣọ́. Ó ní oúnjẹ lábà, ó lè fi àlá ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìwé Coelho kà dáadáa. Àwọn tó lu Santiago ní ìdí pírámídì sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́: ogun ló lé wọn kúrò nílé, owó ni wọ́n ń wá. Alálàá kejì wá di ìsáǹsá ogun. Òǹkọ̀wé fẹ́ kí a rò pé àìnígbàgbọ́ ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n Santiago ní ọgọ́ta àgùntàn nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, ó sì rí wọn tà. Àgùntàn mélòó ni ìsáǹsá yẹn ní? Ta ni ì bá sì jẹ́ kí ó wọ Sípéènì?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ìlú Tarifa, níbi tí Santiago ti gbéra, ni ìpẹ̀kun gúúsù Sípéènì. Nǹkan bíi kìlómítà 14 ni omi tó pààlà sáàárín rẹ̀ àti Mòrókò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ọdún kan náà tí O Alquimista jáde, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó gbé àwọn ọ̀dọ́ láti Mòrókò dànù nítòsí ibẹ̀, òkun sì gbé òkú sí etíkun Los Lances ní Tarifa. Oníròyìn Ildefonso Sena ya àwòrán òkú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí. Ọjọ́ náà ni àwọn ará Sípéènì fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ikú àwọn arìnrìn-àjò lójú omi yẹn. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti kú sínú omi tó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù, ibojì tí kò ní orúkọ sì wà ní itẹ́ òkú Tarifa. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tiwa wà lára àwọn tí ń gba Agadez la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Líbíà. Aṣálẹ̀ kan náà ni Santiago là. Ìhà ibi tí wọ́n kọrí sí ni ó yàtọ̀.

N kò sọ pé ìwé yìí ló rán ẹnikẹ́ni wọ inú omi. Ebi, ìdíje àti ìjọba tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ ló ń rán wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti etíkun kan náà ni ìtàn méjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ọ̀kan lọ káàkiri ayé ní èdè tó ju 80 lọ, ó ń wí pé ayé yóò ran ẹni tó gbéra lọ́wọ́. Èkejì kò ní ju àwòrán oníròyìn kan lọ. Àwọn tí wọ́n kú ní Los Lances náà gbéra. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìfẹ́ wọn kò tó.

7. Ìkádìí

Kí wá ni kí á sọ fún ọ̀dọ́ tó gbé ìwé yìí lọ́wọ́? Èrò tèmi ni pé kí á má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kà á, kí ó sì jẹ́ kí ó fún un ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n kí á kọ́ ọ láti bi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé àlá ni èyí tàbí ìlépa? Bí ó bá jẹ́ àlá, ta ni ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò? Bí ó bá jẹ́ ìlépa, àgùntàn mélòó ni mo ní, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá jà mí lólè ní Tangier? Kí ó sì fi ìkẹta kún un, èyí tí àwọn ará Swaffham àti Kraków ti dáhùn tipẹ́: bí mo bá rí ìṣúra náà, kí ni yóò kan ìlú nínú rẹ̀?

Ojúṣe tiwa tí a jẹ́ àgbà sì tún wà lọ́tọ̀. Àwa ni a ń fi ìtàn ẹni tó ṣoríire sínú ìwé ìkàwé, tí a kì í kọ ti ẹni tí kò padà wá. Rábì Simcha Bunim sọ pé ìṣúra wà ní ìdí ààrò ẹni. Òtítọ́ ni, bí ààrò bá wà, bí iná bá sì ń jó nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gba ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́, a ní láti rí i pé ilé tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ṣeé padà sí.